Bí Mo Ṣe Jẹ́ Kí Wọ́n Tẹ Ẹṣin Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́dàá

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Wọ́n ti sọ ibi tí àìsàn mi dé fún mi, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Bàbá yín kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé dókítà ẹranko ló ba ayé òun jẹ́. Irọ́ ni. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé akọ̀wé ni mí nílé ìtọ́jú ẹranko. Dókítà wa kò gbọ́ èdè wa, èmi ni mò ń túmọ̀ fún un. “Ẹnu Dókítà” ni wọ́n ń pè mí, orí mi sì ń wú. Bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ ò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ náà, bàbá yín fa akọ ẹṣin rẹ̀ wá, èyí tí àwọn èèyàn ń sanwó mú abo ẹṣin wá bá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹṣin náà ti rí abo kan lóòórọ̀, ó ta ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ nípàá fọ́, pátákò rẹ̀ sì ya. Dókítà di ojú ọgbẹ́, ó ní ohun tó dára jù ni kí òun gẹ́lìdì rẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó jọ góòlù létí mi. Mo rò pé bóyá irin kan ni wọ́n ń fi bo pátákò. Kí n bi í kẹ̀? Lójú ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi mí yangàn kiri? Òpè agbéraga! Mo ní wọ́n fẹ́ fi nǹkan bò ó lẹ́sẹ̀ ni, kó má baà ya mọ́.

Bàbá yín rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ lo ṣáà gbọ́ èdè wọn. Ohun tí o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.” Ó tẹ ìka síwèé ìyọ̀ǹda, ó lọ jókòó síta.

Ibi tó burú jù nìyí. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ó wà níbẹ̀ gbangba: kí a tẹ akọ ẹranko lọ́dàá, pàápàá ẹṣin. Wọ́n ní a tún lè lò ó fún ẹni tí a gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ṣì ń fọ ọwọ́. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo di ilẹ̀kùn mú, mo ro bí wọn yóò ṣe fi mí ṣẹ̀sín. Mo padà lọ jókòó. Ó ń bí mi nínú títí di òní! “Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, sà.” Kí ló wúwo nínú ìyẹn?

Nígbà tí bàbá yín rí ẹṣin rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ṣe èyí. Mo ní dókítà ló ṣe ohun tí kò sọ. Wọ́n lé ọkùnrin náà kúrò níṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó mú abo ẹṣin wá mọ́, ẹ̀yin náà sì mọ bí ẹ ṣe kó kúrò nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ kan bàbá yín bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Àbúrò, ṣé bó ṣe sọ ọ́ lo ṣe túmọ̀ rẹ̀?” Mo fi ìyá wa búra.

Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà bá mi wá dókítà náà rí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa ni kó kọ ọ́.