Mojísọ́lá Méjì Nínú Ilé Kan

Ẹ̀yin ará tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun láti bí ọdún méjì. Mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àkókò ti tán fún mi.

Orúkọ mi ni Mojísọ́lá. Orúkọ ìyá ọkọ mi náà nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí mi lẹ́sẹ̀ tán lẹ́nu ọ̀nà ni Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Mojísọ́lá méjì ò lè wà nínú ilé kan, pé bí ẹnì kan bá pe orúkọ náà, ta ni yóò dáhùn? Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ni àwọn yóò máa pè mí. Láti ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń jẹ́. Ọkọ mi gan-an ò pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Ní báńkì àti lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mi nìkan ni mo ti ṣì ń jẹ́ Mojísọ́lá, pẹ̀lú orúkọ ìdílé ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti Màmá gẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti wá.

Mo ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́ ní Ajah. Ilé wa ò jìnnà sí ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà. Màmá ń gbé Eleko nígbà yẹn, wọ́n ń yan ẹja tà. Ọkọ mi ní àbúrò kan nílùú òyìnbó. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ó ti rìnrìn àjò kí n tó wọlé, orí fóònù la ti mọ ara wa. Simbi ni ìyàwó rẹ̀. Ọ̀hún ni wọ́n bí Simbi sí, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, Àǹtí ló ń pè mí.

Ojú Màmá ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Dókítà ní àìsàn tó máa ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀ ni, pé ti ojú òsì ló le jù. Ó ní kí a tètè ṣiṣẹ́ abẹ, torí èyí tó bá ti lọ kì í padà. Akọ̀wé ní òun yóò gbé ìnáwó náà. Ó ní kí n ka nọ́ńbà àkáǹtì Màmá fún Simbi, pẹ̀lú kóòdù ẹ̀ka báńkì wọn, nítorí àwọn tó ń bá wọn fi owó ránṣẹ́ ń bèèrè méjèèjì.

Bóyá àwọn kan nínú yín ò mọ kóòdù náà. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni. Òun ló ń sọ báńkì tí owó ń lọ àti ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì. Báńkì kan náà ni èmi àti Màmá ń lò. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ṣí tiwọn, Ajah ni mo ti ṣí tèmi.

Èmi ni mò ń bá Màmá bójú tó ọ̀rọ̀ báńkì, nítorí náà àkáǹtì méjèèjì wà nínú fóònù mi. Mojísọ́lá rèé, Mojísọ́lá rèé. Lọ́jọ́ tí Simbi pè, oníbàárà kan wà níwájú mi, ó ń fa aṣọ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo sọ fún Simbi pé ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́ ni, mo sì ka èyí tí mo kọ́kọ́ rí. Tèmi ni mo kà. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀.

Kò pẹ́ tí Simbi fi pè mí padà.

"Àǹtí mi, ẹ sọ pé Ẹ̀pẹ́. Mo check code yẹn, Ajah ló ń gbé wá o. Ṣé kò sí problem?"

Mi ò tiẹ̀ wo fóònù. Mo ní, "Simbi mi, kò sí wàhálà, báńkì kan náà ni. Ẹ ṣáà wo orúkọ tó bá jáde."

Orúkọ jáde lóòótọ́. Mojísọ́lá ni, pẹ̀lú orúkọ ilé wa. Akọ̀wé ní ìyá òun nìyẹn, ó bá fi owó ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó rántí pé Àbẹ̀kẹ́ náà lórúkọ.

Nígbà tí owó náà wọ àkáǹtì mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo ní màá gbé e sí ti Màmá kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni onílé ṣọ́ọ̀bù ní kí a san ti ọdún méjì tàbí kí a kó jáde. Ẹni tó fẹ́ gbà á ti wá wọn ẹnu ọ̀nà níṣojú mi, ó ń sọ ibi tí òun yóò gbé fìríìjì sí. Kò sí owó lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo ní kí n fi owó yìí dí i, pé kí ọjọ́ dókítà tó pé, màá ti dá a padà. Ọjà ò tà bí mo ṣe rò. Ọjọ́ dókítà sì pé.

Akọ̀wé bi mí bóyá owó ti wọlé. Mo ní kò tíì wọlé.

Ó lọ bá àwọn tó bá a fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ó ti dé ọwọ́ ẹni tó ni orúkọ yẹn. Ó wá ní kí n mú Màmá lọ sí báńkì ní Ẹ̀pẹ́. Mo mú wọn lọ. Mo fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo lọ bá ọmọbìnrin tó wà nídìí káúńtà, mo bi í bí èèyàn ṣe ń gba káàdì tuntun. Ó ń ṣàlàyé, mo ń mi orí. Màmá ń wò wá láti ọ̀ọ́kán. Mo padà wá, mo ní wọ́n ní ká máa retí. Màmá dìde, wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ pé kò ní fojú sunkún. Nígbà tí a ń bọ̀ wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Báńkì ò lè jẹ owó mi gbé." Mo ṣe àmín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Akọ̀wé pè, Simbi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, Simbi ní òun sọ fún yín pé Ajah ni code yẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ti Ẹ̀pẹ́ ni mo kà fún un, òun ló mọ èyí tó tẹ̀. Bóyá owó ti há sáàárín ẹ̀ka méjì."

Mo gbọ́ ohùn Simbi lẹ́yìn. "Àǹtí, I told you now." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí mọ́. Akọ̀wé pè é ní aláìbìkítà lójú gbogbo ẹbí, Màmá pàápàá ní ọmọ tí kò gbọ́ èdè ló ba nǹkan jẹ́. Òun nìkan ló ṣọ́ra nínú gbogbo wa, òun la sì da ẹ̀bi lé lórí.

Kí Akọ̀wé tó rí owó mìíràn, ojú òsì Màmá ti lọ.

Wọ́n ti kó wá sọ́dọ̀ wa báyìí. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún wọn, èmi ni mò ń di ọwọ́ wọn mú lọ sí ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn bá àwọn dúpẹ́ lórí mi. Wọ́n ní èmi ni ojú òsì àwọn. Inú ilé ni mo wà, ó sì dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, dókítà ní ti ọ̀tún náà ti ń lọ, pé kí a má fi falẹ̀. Akọ̀wé kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ò fi owó sí àkáǹtì Màmá mọ́, ó ní wàhálà nínú. Ó ní bí òun bá fi í ránṣẹ́ sí ọkọ mi, á ná an sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní èmi nìkan ni òun fọkàn tán. "Àǹtí, ẹ fi nọ́ńbà yín àti kóòdù ẹ̀ka yín ránṣẹ́, àti orúkọ yín gan-an, kì í ṣe Àbẹ̀kẹ́ o, èyí tó wà ní báńkì."

Nọ́ńbà tó fi owó ránṣẹ́ sí nígbà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá fi tèmi ránṣẹ́, ọ̀kan náà ni. Bí mo bá fi ti Màmá ránṣẹ́, yóò rí i pé kì í ṣe èyí tí mo kà fún Simbi. Bí mo bá lọ ṣí tuntun ní báńkì mìíràn, Mojísọ́lá náà ni yóò jáde. Bí mo bá sì dákẹ́, ojú kan tó kù yóò tẹ̀lé èkejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, mi ò ní kí ẹ dá mi láre. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, ṣé Màmá ni tàbí Simbi? Mo wà lórí àga pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, Màmá jókòó sí ọ̀tún mi níbi tí wọ́n ti lè rí mi díẹ̀. Akọ̀wé ti sọ fún wọn pé òun kọ̀wé sí mi, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, orúkọ ta ni wọ́n ní kí o fi ránṣẹ́, tèmi ni àbí tìẹ?"