Irun Orí Màmá Jemima Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí ọwọ́ ọ̀tún mi ti kọṣẹ́ láti oṣù kejì ọdún yìí. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Àkúrẹ́ sọ fún èmi àti ìyàwó mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, àti pé bí irú rẹ̀ bá tún dé lẹ́ẹ̀kejì, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ikú fúnra rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó bí mo ṣe rò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n dúró ti pósí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa ka iṣẹ́ rere tí mo ṣe, kí wọ́n sì ka èyí tí kì í ṣe tèmi mọ́ ọn. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ òtítọ́ nígbà tí ẹnu mi ṣì ń sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ni Augustine Olúyínká, Bùrọ̀dá Yínká ni wọ́n ń pè mí ní Odòde-Ìdànrè níbí. Bí ẹ bá ti wo fíìmù kàtúùn tí ìyá arúgbó kan ti ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ kiri orí òkè, tí wọ́n sì sọ fún yín pé ọmọ Ìdànrè kan ló ṣe irun orí ìyá náà, èmi ni wọ́n ń wí. Irọ́ ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é.

Iṣẹ́ mi ni láti mú kí irun hù lórí àwọn èèyàn àti ẹranko tí kò sí láyé, àwọn tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe. Èkó ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí owó ilé Èkó ga jù mí lọ, mo kó padà sí ilé bàbá mi lẹ́sẹ̀ òkè, mo ra sọ́ọ̀lá, mo sì ń ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe fíìmù. Mo mọ irun ẹranko ṣe. Ewúrẹ́ inú fíìmù yẹn, èmi ni mo ṣe é ní tòótọ́, mi ò sì ní fi ìrònúpìwàdà bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n irun orí tiwa, irun tó ń ká mọ́ra wọn, kò gbọ́ tèmi. Bí mo bá ṣe é tán, tí mo ní kí kọ̀ǹpútà ya àwòrán rẹ̀ jáde, ńṣe ló máa ń dà bíi kànrìnkàn tí wọ́n dé sórí èèyàn.

Ọdún méje sẹ́yìn ni Jemima wá bá mi. Ọmọ ìlú Aládé tó wà nítòsí wa ni, ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò ríṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ṣe oko kòkó; ìyá rẹ̀, Màmá Catherine, ń dirun fún àwọn obìnrin lábẹ́ igi fúrúǹtù kan níwájú ilé wọn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni gbogbo wọn. Jemima ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sì gbà á. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó fi dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan, tó ń wo bí mo ṣe ń to irun sórí ọmọdé kan. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú o. Bí ẹni ń gbin àgbàdo lẹ ṣe ń tò ó, ní poro ní poro. Irun kì í hù bẹ́ẹ̀. Láti àtàrí ló ti máa ń yí jáde bí omi, ó wá ń fọ́n ká lọ síwájú àti sẹ́yìn." Ó ní kí n dìde. Ó jókòó, ó sì ṣe é. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ló ti ń di òwú mú fún ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí èmi ń fi ojú wá. Mo yìn ín lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn dénú. Kí ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. N kò kórìíra rẹ̀ rí.

Ọdún yẹn náà ni àrùn jẹjẹrẹ mú Màmá Catherine lọ́mú. Oògùn tí wọ́n ń fún un ní ọsíbítù kó gbogbo irun orí rẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé Aládùúrà ni wọ́n: nínú gbogbo fọ́tò tí Màmá ní láyé, bí kò bá wé gèlè, fìlà funfun ìjọ ló wà lórí rẹ̀. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí irun rẹ̀ ti hàn. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ọgbọ̀n ọdún lé ni mo fi ṣe irun fún gbogbo Aládé. Tèmi wá lọ, kò sẹ́ni tó rí i." Ọ̀rọ̀ yìí ni Jemima gbé wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe ìyá òun pẹ̀lú irun rẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà òun kò lágbára tó, ṣé kí òun máa lo tèmi. Mo ní kó máa bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n wọ takisí wá láti Aládé. Màmá á jókòó sórí àga onírọ̀rí tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, aṣọ òtútù lọ́rùn rẹ̀, á sì máa darí iṣẹ́ bí ẹni pé orí oníbàárà ló wà níwájú rẹ̀. "Rárá, iwájú orí kọ́, ẹ̀bátí òsì ni mo wí. Irun ibẹ̀ fẹ́lẹ́, mo ti fi gèlè fà á tán." "Ewú yẹn pọ̀ jù, Jemima. Ṣé o fẹ́ sọ mí di ìyá bàbá rẹ ni?" Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín, ìyá náà á rẹ́rìn-ín, ikọ́ á wá gbà á. Ó kọ́ wa pé irun funfun máa ń le ju dúdú lọ, pé kì í gbọ́ràn, òun ló máa ń yọ orí jáde láàárín àwọn yòókù. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, nígbà tí kọ̀ǹpútà ya àwòrán náà jáde pátápátá, Màmá tú ìborùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí rẹ̀ tó ti pá, ó tẹjú mọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Èmi rèé." Ó wá yíjú sí mi. "Yínká, Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. O ṣe wá lóore." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kú.

Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sin ín tí ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Èkó ní kí àwa oníṣẹ́ irun fi àpẹẹrẹ ránṣẹ́. Orí ìyá arúgbó Yorùbá ni wọ́n fẹ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, kànrìnkàn náà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí mo ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo jókòó, mo sì ṣí fáìlì Jemima. Mo yọ ojú Màmá kúrò lábẹ́ irun náà, mo fi orí ẹlòmíràn síbẹ̀, mo kọ orúkọ mi sí i. Mi ò ní dì í ru Èṣù. Èṣù kò sí nínú yàrá náà, èmi nìkan ni. Mo sọ fún ara mi pé màá sọ fún Jemima bí iṣẹ́ náà bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, pé a jọ máa pín in. Mo gba ara mi gbọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni Michelle, ọ̀gá obìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ náà, pè mí. Ó ní, "Mr. Augustine, báwo lẹ ṣe rí ẹ̀bátí yẹn ṣe? Mi ò rí irú ẹ̀ rí." Mo dáhùn láìrò ó pé, "Ìyá ìyá mi ni mo wò." Láti orí gbólóhùn yẹn, kò sí bí mo ṣe lè padà mọ́, àbí kí n sọ pé mi ò fẹ́ padà.

Nígbà tí ìrántí ogójì ọjọ́ Màmá ń bọ̀, Jemima wá. Ó ní bàbá òun fẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán náà, kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, òun sì fẹ́ kó gbogbo fáìlì náà sọ́dọ̀ ara òun. Bí àwòrán yẹn bá dé orí fóònù ẹnì kan ṣoṣo, Michelle lè rí i lọ́jọ́ kan. Mo sọ fún un pé iná mànàmáná dé pẹ̀lú agbára lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jó dísìkì kọ̀ǹpútà mi. Bó ṣe kúrò ni mo jókòó láti sọ irọ́ náà di òótọ́. Mo ní kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì, nítorí irú èyí kì í ní àtúnrí. Ẹ̀rọ lásán-làsàn fún mi láyè lẹ́ẹ̀mejì láti ronú, mo sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi rò pé ó ti parí. Àṣé èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Jemima padà wá lọ́jọ́ kejì pé òun ti gbọ́ pé àwọn kan ní Àkúrẹ́ máa ń gba nǹkan jáde nínú dísìkì tó bá jó. Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, Ignatius, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo pè é lórí fóònù ṣáájú: "Mò ń mú dísìkì kan bọ̀. Sọ fún ọmọbìnrin náà pé kò sóhun tó kù." Ó bi mí, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Mo ní, "Iṣẹ́ lásán ni." Dísìkì àtijọ́ kan tó ti kú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo wé sínú aṣọ, tí Jemima gbé lé itan rẹ̀ láti Ìdànrè títí dé Àkúrẹ́, tó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti gbun. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ kí Ignatius. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi ló wà nínú ẹ̀. Bó jẹ́ orí nìkan lẹ rí, ó ti tó." Ignatius wo ojú mi. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ló so dísìkì náà mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń wá nǹkan, ó sì mi orí. "Kò sí nǹkan kan mọ́, àbúrò mi. Ẹ pẹ̀lẹ́." Jemima kò ké. Nínú takisí tó gbé wa padà, ó sọ fún mi pé, "Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá. Gbogbo ọjọ́ yín lẹ fi ṣòfò nítorí mi." Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ì bá fúyẹ́ lára mi. Ó dúpẹ́. Mo sì dáhùn pé, kò tọ́pẹ́.

Fíìmù náà jáde lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀. Jemima rí i lórí fóònù, ó sì wá sílé mi. Kò pariwo. Ó ní, "Bùrọ̀dá, irun ìyá inú fíìmù yẹn... ó jọ ti màmá mi." Mo ní, "Gbogbo irun arúgbó ló jọra. Ọ̀fọ̀ ló ṣì ń dà ọ́ láàmú." Ó ní, "Bóyá ni." Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ́; ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń rí mọ́. Ó fẹ́ Adégòkè, àgbẹ̀ kan ní Aládé, wọ́n sì jọ ń sá kòkó lẹ́bàá títì. Bí mo bá gbé mọ́tò kọjá, á juwọ́ sí mi. Mo wá ọ̀nà mìíràn tí mo ń gbà.

Nígbà tí àìsàn yìí dá mi wó, òun àti ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá. Ó gbé omi ìyàsímímọ́ láti ìjọ wọn wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó di ọwọ́ tó kú yìí mú, ó ní kí Ọlọ́run dá a padà nítorí ohun rere tó ti fi ṣe. Mi ò lè jẹ́ kó ṣe àmín. Mo ní, "Jemima, dúró." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, pẹ̀lú ẹnu tó wọ́. Adégòkè dìde, ó bọ́ síta. Ìyàwó mi bo ojú rẹ̀. Jemima rọra gbé ọwọ́ mi padà sórí ibùsùn. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ó ṣẹ́ kù níbìkan?"

Mo pe Michelle lójú Jemima, mo sì tún jẹ́wọ́ fún òun náà. Michelle ní irun tí mo fi ránṣẹ́ wà nípamọ́ lọ́dọ̀ àwọn, òun á fi ránṣẹ́ sí Jemima fúnra rẹ̀, àti pé àwọn á yọ orúkọ mi kúrò níbi tí kò ti tọ́ sí mi. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ignatius náà ti wá láti Àkúrẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Jemima. Kọ̀ǹpútà mi ti wà ní Aládé báyìí. Mo gbọ́ pé Jemima to àwọn fọ́tò onígèlè ìyá rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń fi wọ́n tún ojú náà ṣe sábẹ́ irun, àti pé bàbá rẹ̀ máa ń jókòó tì í.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé, "Bùrọ̀dá, mi ò tíì lè dárí jì yín. Bí mo bá ní mo ti dárí jì yín lónìí, irọ́ ni màá pa, irọ́ sì ti tó láàárín wa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ayé kà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣì rí ìyẹn ná." Òun ni mò ń kọ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ẹnì kan fi iṣẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ yín nítorí ó fọkàn tán yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ ò mọ ẹni tó wà nínú fáìlì yẹn. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ yín máa kú kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Mo bẹ bàbá Jemima, mo bẹ Adégòkè, mo bẹ gbogbo ará Aládé. Jemima, mi ò bẹ̀ ọ́ mọ́ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi pè mí. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń ka ìwé yìí, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Bí ẹ bá tún rí ìyá arúgbó yẹn lórí òkè, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí irun ẹ̀bátí rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó bá jókòó tì yín pé irun Màmá Catherine, onídìrí Aládé, nìyẹn, ọmọ rẹ̀ ló sì ṣe é.