Gààrí Ọjọ́ Kan

Barnabas, má ní kí n jókòó. Mi ò wá sí ọ́fíìsì yín l'Òkè Fìà láti wá jókòó. Láti Iléṣà ni mo ti wọ mọ́tò wá. Ìgò rẹ nìyí, bébà tí o fún mi ló wà nínú rẹ̀ yìí. Ṣebí yẹ́lò ni nígbà tí o kó o fún mi? Kí ló wá sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú báyìí?

Torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́ ni mo ṣe gbà. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń yan gààrí, ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ni ẹ̀gẹ́ mi ń lò nínú àpò kó tó kan, kò sẹ́ni tó mu ún tó kú. O wá dé tìwọ ti kóòtù funfun, o ní ẹ ti ṣe ìwádìí, pé bí mo bá po páúdà yín mọ́ ẹ̀gẹ́ lílọ̀, ọjọ́ kan péré ni yóò fi kan. Mo pò ó, ó sì kan lóòótọ́. O ní kí n fi bébà sínú ìgò kí n dán gààrí wò, kí n dé e pa dọjọ́ kejì, pé bó bá ti pupa, oró inú ẹ̀gẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣe é.

Àmọ́ ta ló ń yan gààrí lábúlé wa tí kì í bu ti gbígbóná inú agbada fún ará ilé? Mo bù fún Tómisìn ọmọ mi lánàá, òun tó lóyún oṣù méje, ó mu kọ́ọ̀bù méjì. Láàárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ní ojú ń ṣú òun. Mo sáré lọ wo ìgò. Jésù, bébà ti pupa!

Ó wà ní ọsibítù n'Iléṣà. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ oyún ló ń dà á láàmú, pé kí n ṣáà wá bi ẹ́ léèrè. Ẹ̀rù ń bà mí, Barnabas.

Èwo ni mo fi sínú ìgò? Ẹ̀gẹ́ tútù inú àpò ni, kí n tó gbé e sábẹ́ jákì tí a fi ń fún omi rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ la ti máa ń tọ́ ọ wò bóyá ó ti kan, ibo ni kí n tún ti bù ú? O ò sọ pé ti yíyan.

Rọra sọ ọ́. Oró á ti bá omi lọ lábẹ́ jákì, iná á sì ti lé èyí tó kù? Bóyá? Ṣé bóyá ni kí n gbé lọ bá ọmọ mi? Ti yíyan nìyí nínú ọ̀rá, fi bébà tuntun sí i kí o sọ fún mi.

Dọ̀la ká tó mọ̀? O mú gààrí ọjọ́ kan wá, mo tún máa fi odidi ọjọ́ kan dúró kí n tó mọ̀ bóyá ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ọmọ mi?

Kò burú. Fi bébà sí i, dé e pa, bọ́ kóòtù yẹn. Ó di Old Garage, a ó wọ mọ́tò Iléṣà. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tómisìn lo máa gbé ìgò náà sí, wàá jókòó tì í títí dọ̀la, bó bá sì bi ẹ́ pé kí lò ń wò, ìwọ fúnra rẹ ni kí o dá a lóhùn.