Sitándáàdì Ọjọ́ Ajé Ni Mo Lò Lọ́jọ́ Ẹtì

Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́ wa ní Ìsọlọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kí mi kú oríire. Ó ti sú mi. Kí ẹ tó gbé fọ́tò mi kọ́ sára ògiri pé èmi Morọ́lá ni òṣìṣẹ́ tó fara balẹ̀ jù lọ lọ́dún yìí, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe fún Fọlárìn tó ń wọn èròjà oògùn.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ oògùn wò kò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ní àràárọ̀, èmi ni mo gbọ́dọ̀ po omi oògùn márùn-ún tí a ti mọ agbára wọn, tí à ń pè ní sitándáàdì. Kọ̀mpútà á fi wọ́n fa ìlà kan, ìlà yẹn ni yóò sì fi sọ bí oògùn tuntun ṣe lágbára tó. Bí agbára sitándáàdì bá ti dín kù, irọ́ ni gbogbo ohun tó bá sọ: á ní oògùn tó pé ti lágbára jù.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹta, ọ̀lẹ mú mi. Sitándáàdì tí mo pò lọ́jọ́ Ajé ṣì wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, oòrùn ti ń pa á láti ọjọ́ mẹ́rin. N kò tilẹ̀ rántí gbé e sínú fíríìjì. Òun náà ni mo lò. Kọ̀mpútà ní oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé tí Fọlárìn wọ̀n ti lágbára jù, ó fi ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lé. Fọlárìn sáré wá bá mi.

“Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ po sitándáàdì tuntun, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò.”

Mo jágbe mọ́ ọn: “Ṣé kọ̀mpútà ló wá ń purọ́ mọ́ ẹ báyìí? Mo ti fẹ́ close, jàre!”

Wọ́n da oògùn náà nù, wọ́n sì lé Fọlárìn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo po sitándáàdì tuntun, mo sì tún oògùn Fọlárìn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìgò lọ́dọ̀ mi yẹ̀ wò. Agbára rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún géérégé! Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, wà ní yàrá kejì, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ṣé mo wá lọ? Mo pa èsì náà rẹ́. Ìkà ni mí, kí n má tan yín. Orúkọ mi àti aago tí mo pa á rẹ́ ṣì wà nínú kọ̀mpútà, ẹ lọ wò ó.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé Fọlárìn wá kí mi pé ó dàbọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú pé mo bá yín jiyàn. Tẹ́ ẹ bá ní mo ṣì í wọ̀n, á jẹ́ pé mo ṣì í wọ̀n nìyẹn.” Wọ́n ti fún un ní irú iṣẹ́ yìí kan náà ní Èjìgbò, kò gbà á. Ó ní ọwọ́ òun kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Ẹ pè é padà, kí ẹ sì fi ẹni tó máa po sitándáàdì láràárọ̀ sípò mi. Fọlárìn, dárí jì mí. Ọwọ́ rẹ pé. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé yẹn.