Táyà Tí Mo Fín

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà yìí ni n óò kú sí. Àmọ́ ẹ má tíì káàánú mi. Ẹni tó bá yọjú wò mí nínú yàrá mi á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí joyè ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí n sì fi èyí tó burú ṣáájú.

Iṣẹ́ táyà ni mo kọ́. Fọkanáísà ni mí ní Òṣogbo, lẹ́bàá rélùwéè, kò sì sí táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó le jù fún mi. Ìyìn ló pa mí. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí ju oúnjẹ lọ.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, táyà wọ́n bí ojú. Lọ́jọ́ kan, bàbá onílọ́rì kan gbé táyà wá tó ti jẹ tán, tí ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun fẹ́ fi kó iṣu wálé fún ìnáwó òkú ìyá òun. Mo ti ọ̀bẹ bọ iná, mo fín ilà tuntun sójú táyà náà bí ẹni ń fín igbá, mo sì fi pólíṣì bàtà kùn ún. Háà! Ó dúdú, ó yọ eyín bíi tuntun. Bẹ́ẹ̀ rọ́bà díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni mo gé dànù yẹn o. Bàbá náà lọ, ó bọ̀ láyọ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ ẹ mà dáa o! Idán lo pa!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi jù. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé rárá mọ́. Nígbà tó yá, mo ń ra táyà tó ti jẹ, mo ń fín in tà, mi ò sì sọ fún àwọn tó ń rà á pé fífín ni mo fín in.

Bẹ́ẹ̀ ni Ògúndáre, awakọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kan, ọmọ Iléṣà, ṣe wá ra méjì.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó le dáadáa? Èèyàn ni mò ń kó o, kì í ṣe kòkó."

"Ìwọ náà! Ṣé èmi ni n óò ta ohun tí kò dáa fún ẹ?"

Ọmọ Ògún ni àwa méjèèjì. Àṣà mi ni pé bí awakọ̀ bá ra táyà lọ́wọ́ mi, n óò ta epo pupa sórí irin gbọọrọ tí mo fi ń yọ táyà, àwa méjèèjì á fọwọ́ kàn án, n óò sì súre. Lọ́jọ́ náà, mo súre sórí táyà tí mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo ní, "Ògún á lànà fún ẹ. Àlọ ire, àbọ̀ ire." Ó ṣe àṣẹ tọkàntọkàn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, táyà iwájú bẹ́ nítòsí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ọkọ̀ sì já sí kòtò. Èèyàn mẹ́fà kú. Ìyá ìkókó kan wà nínú wọn. Èmi ni mo pa wọ́n, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Ògúndáre ni ọlọ́pàá mú. Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ fi táyà burúkú kó èrò. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní, "Mo kìlọ̀ fún un o." Irọ́ gbuu! Wọ́n ní kí n wá sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Bí mo bá ti sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ni ọmọ ọlọ́mọ ń lọ.

Mo ti gbọ́n tán lójú ara mi. Irin ni àwa ọmọ Ògún fi ń búra, irin nìkan ni mo sì ń bẹ̀rù. Mo ní n óò kúkú gba Bíbélì, torí mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, mo rò pé kò mọ̀ mí débi tí á fi mú mi.

Akọ̀wé kóòtù bi mí pé, "Kí lẹ fi ń búra?"

"Bíbélì."

Ògúndáre wò mí láti ibi tó ti ń jẹ́jọ́. Kò tiẹ̀ bínú. Ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá, irin tẹ́ ẹ fi súre fún mi dà?"

Adájọ́ ní kó panu mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ìyá Ògúndáre jókòó lẹ́yìn, ó ń fi gèlè nu ojú. Mo gbé Bíbélì sílẹ̀, mo ní, "Olúwa mi, ẹ bá mi wá irin." Wọ́n mú àdá wá. Mo fẹnu kàn án, mo sì pariwo: "Èmi ni mo fín in! Mi ò kìlọ̀ fún un! Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan!"

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, yéè! Ìyá rẹ̀ jó láti inú kóòtù bọ́ sí títì. Ọwọ́ mi wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ka ẹ̀wọ̀n tèmi, mo dúró ṣinṣin. Àwọn mẹ́fà yẹn ò lè jí mọ́, ó ń dùn mí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ́gun irọ́ mi, mo sì gba ẹnìkan là lọ́wọ́ ara mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Táyà tó bá ti kú, ẹ gé e ṣe bàtà. Bí wọ́n bá ń yìn yín pé ẹ pa idán, ẹ sá. Bí irọ́ bá sì ti bọ́ lẹ́nu yín, ẹ tètè lọ kó o nílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbé e rù.

Ògúndáre ti ń wakọ̀ padà. Bó bá ń kọjá lẹ́yìn ògiri wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fun fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kí mi. Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ ò gbọ́? Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Àlọ ire, Ògúndáre. Àbọ̀ ire.