Kì Í Ṣe Gbodo Ló Jó Ilé Màmá Agatha

Gbogbo Ekinrin-Adde ló gbà pé gbodo ló jó ilé Màmá Agatha. Wọ́n ní ìyá àgbà náà sá iṣu sí iwájú ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀, iná sì ṣẹ́ yọ. Irọ́ ni. Èmi Ọlánípẹ̀kun, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kabba, ni mo pa irọ́ náà, èmi náà ni mo sì jó ilé. Mo ti fi ẹnu mi bo ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá obìnrin náà wọ inú ilẹ̀. Mi ò lè bò ó mọ́. Ẹni tó bá ń kà á, kó má ṣàánú mi kó tó kà á tán. Nígbà tó bá sì kà á tán, kó tún má ṣàánú mi.

Ilé ìwé alẹ́ ni mo lọ. Lọ́sàn-án, mo ń gbé búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà. Lálẹ́, mo ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé pẹ̀lú símẹ́ǹtì lórí. Mo rántí bàtà mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ya, mo fi okùn ọ̀rá dì í. Mo rántí olùkọ́ tó ní kí n sún sẹ́yìn nítorí pé òógùn mi ń rùn, àti bí gbogbo kíláàsì ṣe rẹ́rìn-ín. Mi ò ka ìyà yìí fún yín kí ẹ lè fojú rere wò mí. Mo kà á nítorí pé ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín lójú àwùjọ rí mọ bó ṣe ń dunni tó. Mo mọ̀ ọ́n dájú, mo sì ṣe é fún obìnrin tó dàgbà ju ìyá mi lọ.

Ní ọdún 2021, ọ̀rọ̀ owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́nu gbogbo ọ̀dọ́. Àwọn kan ń rà á, àwọn kan ń wà á. Ẹni tó ń wà á yóò to káàdì tó ń gbé àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí àwọn tó ń ta géèmù ń lò, sórí férémù pákó, á sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ìṣirò tọ̀sán-tòru. Ìṣirò yẹn ni wọ́n ń sanwó fún, díẹ̀díẹ̀. A ń pè é ní wíwa kùsà, bíi ti àwọn tó ń wa góòlù ní ìhà Ìsánlú, àfi pé tiwa ò ní ẹrẹ̀ nínú. Ooru àti iná mànàmáná ló wà nínú tiwa. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ń pè mí ní Tíṣà. Bí wọ́n bá bi mí léèrè èrè, mo máa ń sọ ohun tí káàdì ń mú wọlé fún wọn. Mi kì í sọ owó tí iná ń jẹ. Mo mọ̀ pé bí iná bá lọ tí ènìyàn gbé jẹnẹrétọ̀ sí i, epo á jẹ èrè náà tán, á tún jẹ ẹni tó ni ín mọ́ ọn. Mo mọ̀. Káàdì ni mo fẹ́ tà.

Boaz, ọmọ Màmá Agatha, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Télọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó máa ń rán aṣọ ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kì í rí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó kí mi bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa, "Okun o, Bọ̀dá. Wọ́n ní ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá sùn."

Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá kú."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dún létí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ wáyà fún yín, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan máa ń jókòó sórí pátákó kékeré kan, pátákó yẹn sì ní wáyà iná tirẹ̀. Wáyà tó nípọn wà, èyí tó ń ti inú páwà, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, wá tààrà, tó lè gbé ẹrù káàdì. Tín-ín-rín kan tún wà, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ohun fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tọ́jú fáìlì inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fi tín-ín-rín gbé káàdì dà bí ẹni tó fi òwú ìránṣọ fa garawa omi jáde nínú kànga. Mo ti rí ọ̀kan tó yọ́ bí àbẹ́là lórí tábìlì mi, lójú mi báyìí. Àwọn tó nípọn tí mo ní ò pọ̀, mo sì fi gbogbo wọn sára ẹ̀rọ tèmi nílé. Mo fi tín-ín-rín sí ti Boaz. Mo fi téèpù dúdú wé wọn kó lè dà bíi pé mo ṣe iṣẹ́ gidi.

Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ la gbé ẹ̀rọ náà sí. Iṣẹ́ Màmá Agatha ni gbodo. Á bó iṣu, á bọ̀ ọ́, á sá a títí á fi gbẹ, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Oṣù kẹjọ ni, òjò ò jẹ́ kí oòrùn yọjú, iṣu tí màmá ti bọ̀ ti fẹ́ máa bu. Ó wọ yàrá náà lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde lára ẹ̀rọ, ó ní, "Boaz, èémí ẹ̀rọ rẹ yìí mà dára ju oòrùn ọdún yìí lọ." Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti to iṣu sórí rẹ̀. Kò sún mọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ ìkókó lè sùn sí àárín wọn. Boaz ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi bá màmá sọ̀rọ̀. Ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́?"

Mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Kò sí ohun tó máa ṣe. Màmá, ẹ̀yin náà ti ń wa kùsà tiyín nìyẹn."

Ó ní, "Ẹ̀yin ń wa èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí. Èmi ń wa èyí tí a lè fi ọbẹ̀ jẹ."

Ẹ fi gbólóhùn tèmi yẹn sọ́kàn. Kò sí ohun tó máa ṣe. Ẹnu mi ló ti jáde, màmá sì gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Boaz á pè mí. "Bọ̀dá, ó tún ti kú." Mo máa ní kó yọ káàdì ìparí, kó fẹ́ eruku ara rẹ̀, kó dá a padà. Á ní, "Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀." Mo máa ní, "Tún un ṣe." Mo mọ ohun tó ń ṣe é láti orí fóònù. Nígbà tí mo lọ, mo gbóòórùn ọ̀rá tó ń jó kí n tó wọlé. Mo ká téèpù kúrò, mo rí i pé ẹnu wáyà ti di pupa rúsúrúsú. Páwà tí Boaz rà dára gan-an ni. Òun ló ń pa ẹ̀rọ náà, bí ènìyàn ṣe ń fa ọwọ́ yọ nínú iná. Ohun tó tọ́ ò le. Kí n já wáyà tín-ín-rín sọnù, kí n fi káàdì méjì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kí n lọ mú wáyà tó nípọn wá láti ilé mi. Mo sọ fún Boaz pé páwà rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo yọ ọ́, mo gbé e sínú báàgì mi, mo fi ògbólógbòó kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kú rọ́pò rẹ̀. Mo tún téèpù wé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ò kú mọ́. Boaz dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú ìyá rẹ̀. Màmá ní, "Ẹni tó kàwé ti yàtọ̀." Mo gbé páwà rere náà lọ sí ilé mi, mo fi sára ẹ̀rọ mi. Olè ni mí, kí n tó di ohun tó burú ju olè lọ.

Ọ̀sán gangan ni iná náà ṣẹ́ yọ. Màmá wà ní oko, Boaz wà níwájú ilé nídìí máṣíìnì rẹ̀. Ó sáré wọlé, ó fẹ́ já ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, ọ̀rá tó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn ìka ọwọ́ yẹn lẹ̀ pọ̀ títí dòní. Nígbà tí ọ̀kadà fi gbé mi dé láti Kabba, páànù òrùlé ti wó, àwọn ènìyàn sì ń da omi. Mo wọ inú èéfín náà. Wọ́n rò pé mo fẹ́ gba nǹkan là ni. Ẹnu wáyà ni mo ń wá. Mo rí ọ̀kan tó ti di kókó dúdú, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò mi, gbígbóná bó ṣe wà. Àpá rẹ̀ wà ní itan mi.

Bàbá Oyèbánjí, àbúrò bàbá Boaz, bi mí lójú gbogbo wọn. "Tíṣà, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kí ló fà á?" Màmá Agatha jókòó sílẹ̀, ọkọ́ tó gbé bọ̀ láti oko ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Mo na ìka sí iṣu tó ti di èédú, mo ní, "Omi ara gbodo ló wọ inú ẹ̀rọ." Mo fi gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lé e kí ẹnikẹ́ni má baà tún béèrè. Obìnrin kan pòṣé, ó ní, "Ìyá yìí àti iṣu rẹ̀." Màmá gbójú sókè, ó wò mí. Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Ó ń dúró kí n rántí pé èmi ni mo ní kò sí ohun tó máa ṣe. Kò fẹ́ dójú tì mí níwájú àwùjọ, ó fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ má da ara yín láàmú." Àánú ni mo fi pa á. Boaz wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ti fi gbodo gba ọwọ́ mi." Ó lọ sí Lọ́kọ́ja, ó ń ṣọ́ géètì fún ẹni tó ń rán aṣọ fún tẹ́lẹ̀, kò sì tíì padà wá.

Nígbà tó di ọdún kejì, owó Ethereum tí gbogbo wa ń wà kò gba wíwà pẹ̀lú káàdì mọ́. Àwọn tó ni ín yí ọ̀nà rẹ̀ padà, ẹ̀rọ mi di igi lásán. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jó ilé onílé kò pé ọdún méjì. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ní gbogbo ìgbà tí iṣu tuntun bá ti jáde, Màmá Agatha máa ń rán ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Folúkẹ́, sí mi pẹ̀lú iṣu. Folúkẹ́ á ní, "Màmá ní kí ẹ má bínú pé iṣu àwọn ba iṣẹ́ yín jẹ́." Mo máa ń gbà á. Mo máa ń gún un. Mo máa ń fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́, mo sì máa ń lá ọwọ́.

Oṣù tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rù, ara rẹ̀ ò gbóúnjẹ mọ́. Ó ní, "Tíṣà, okun. Boaz máa ń gbọ́ tìẹ. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé mi ò mọ̀ ni." Gbólóhùn tèmi ló fi ń tọrọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dìde. Bí mo ṣe ń jáde, Folúkẹ́ tún gbé iṣu kan lé mi lọ́wọ́, mo tún gbà á. Nígbà tí mo délé, mo gbé e sórí tábìlì, mi ò lè fi ọ̀bẹ kàn án. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo mú kókó dúdú náà níbi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí, mo padà sí Ekinrin-Adde, mo kúnlẹ̀, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín.

Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Èyí?"

Mo ní, "Èyí ni, Màmá."

"Kékeré báyìí."

Ó di ọwọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbé iṣu mi padà wá."

Mo ní mo ti jẹ wọ́n. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o ti jẹ wọ́n. Gbé ti àná wá." Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì béèrè. Mo gbé iṣu náà dé. Ó ní kí Folúkẹ́ bó o, kó bọ̀ ọ́, kó sá a sí iwájú ilé, níbi tí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà ti lè rí i. Láti ọjọ́ tí ilé jó, kò sá gbodo mọ́ títí di ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé ẹ̀rọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun kan ń mówó wá bí ẹ bá sùn, ẹ ní kó ká téèpù kí ẹ rí wáyà abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń kú fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kú, kí ẹ wá ohun tó ń pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju ìyá yín lọ sọ ohun tí ìyá yín ṣe fún yín.

Boaz, ìwọ ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ò gbé e, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ kí gbogbo ayé lè kà á sí ọ létí. Èmi ni mo gba ọwọ́ rẹ. Bí o bá dé, wá bá mi ní Kabba, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe fún mi, mi ò ní sá. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé. Ọyẹ́ ti mú, gbodo náà ti gbẹ látọjọ́ mélòó kan. Folúkẹ́ fẹ́ kó gbodo náà wọlé, ìyá rẹ ò gbà. Ó ní ìwọ ni yóò kó o.