Iṣẹ́ Tí Bàbá Àmúsà Rán Mi Nídìí Ìsédò

Wọ́n ní ó sùn ni. Wọ́n ní kò sùn o, ó mọ̀, ó kàn... Ẹlòmíì á ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́ jàre, àgbàlagbà tó rí omi tó ń bọ̀, tó wá..." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin nìyẹn láti ọdún mẹ́ta, tí gbogbo wa sì ń mi orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mi orí, ẹ ò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀, tí mo sì ń bá yín mi orí, èmi ni mo burú. Mo fẹ́ tú u sílẹ̀ lónìí, nítorí Bàbá Àmúsà tí ẹ di ẹ̀bi náà rù ti wọlẹ̀ lọ.

Èmi ni Fàthíà, ọmọ Alájì Nùrẹ́nì. Bàbá mi ló fi amọ̀ sé odò kékeré ìsàlẹ̀ yẹn, kí omi lè dúró fún ẹja tí wọ́n ń sìn. Bàbá Àmúsà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń bá wọn ṣọ́ ìsédò náà. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé, ojú máa ń tì mí láàárín èèyàn, ẹ̀bá ẹsẹ̀ àwọn àgbà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀sán-ọ̀sán ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá Àmúsà, wọ́n á sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Adákẹ́-má-fọhùn, lọ́jọ́ yìgì rẹ, ta ni yóò bá ẹ sọ pé o gbà?" Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń wo ìdí ìsédò. Wọ́n ní gbogbo ìsédò amọ̀ ló ń làágùn. Bí òógùn náà bá mọ́ gaara, kò séwu. Ọjọ́ tó bá di ẹlẹ́rẹ̀, omi ti ń jẹ ògiri náà láti inú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan lóṣù keje ọdún 2011, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́rin, mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀. Omi wà nínú ife ọwọ́ wọn, ó pupa bí omi tí àgbẹ̀ fi ṣan ẹsẹ̀. Wọn ò bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n rán mi sí bàbá mi, wọ́n sì ní kí n ka iṣẹ́ náà padà sáwọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn fúnra wọn ò lè kúrò, àpò erùpẹ̀ ni wọ́n ń kó dí ojú ibẹ̀.

Mo bá bàbá mi láàárín àlejò méjì tó wá ra ẹja láti Gowon Estate. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ ọ́ fún mi pé bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí lójú àlejò pé ohun tí bàbá mi kọ́ ti ń jẹrà? Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá Àmúsà ní kí n kí yín, sà. Wọ́n ní omi ń yọ díẹ̀ nídìí ìsédò, pé tẹ́ ẹ bá ráyè, kẹ́ ẹ yà wò ó." Bàbá mi rẹ́rìn-ín: "Ìgbà wo ni omi kì í yọ níbẹ̀? Sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ó di ọjọ́ Àìkú." Àlejò kan ní, "Olùṣọ́ tó ń bẹ̀rù omi, kó lọ máa ṣọ́ ilé epo jàre." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Àmúsà. Mo ní, "Wọ́n ti gbọ́, sà." Àgbàlagbà náà mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi. Wọ́n á ti kìlọ̀ fáwọn olóko ìsàlẹ̀ nìyẹn." Ibẹ̀ ló yẹ kí n la ẹnu. Mi ò là á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìsédò já. Ìdíátù, ọ̀rẹ́ mi tó máa ń dirun fún mi, ti wà nínú oko ẹ̀fọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa rí òkú rẹ̀, ó ṣì di ìdì ṣọkọ kan mú.

Èyí tí mo wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù. Níwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn àgbà ní kí ló dé tí Bàbá Àmúsà ò kìlọ̀. Bàbá Àmúsà ní àwọn ránṣẹ́. Bàbá mi yíjú sí mi: "Fàthíà, iṣẹ́ wo ló rán ẹ?" Ìyá Ìdíátù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò mí lẹ́nu. Mo ní, "Wọ́n ní kí n kí yín ni, sà." Bàbá Àmúsà wò mí. Gbogbo rẹ̀ yé wọn lójú kan náà. Wọn ì bá já irọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Bóyá èmi ni mi ò sọ ọ́ yé e." Ọjọ́ náà ni àwọn àgbà lé wọn lọ, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Bàbá Àmúsà kú lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Mùíz ọmọ wọn wá bẹ Ìyá Ìdíátù pé kí wọ́n foríji òkú, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí a ṣe fún Mùsùlùmí. Ìyá Ìdíátù ní, "Èmi àti bàbá ẹ di Àlùkìyámọ̀, níwájú Ọlọ́run adájọ́. Ó rí ikú, kò kìlọ̀ fọ́mọ mi." Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí Mùíz bó ṣe wọ bàtà rẹ̀ tó ń lọ. Lánàá ni mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọn ò tíì jẹun látìgbà náà.

Ìyá Ìdíátù, ìyá mi, ẹ tú Bàbá Àmúsà sílẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ dì mú. Bẹ́ ẹ bá rí i ṣe, ẹ foríjì mí; bẹ́ ẹ ò bá rí i ṣe, mi ò ní bínú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń kúnlẹ̀ jíṣẹ́ fágbà, iṣẹ́ tí ẹ̀mí bá wà nínú rẹ̀, ẹ má bù ú kù. Mo wá jẹ́ tèmi báyìí. Ohun tí wọ́n wí nìyí:

"Fàthíà, sọ fún Alájì pé omi ìdí ìsédò ti di ẹlẹ́rẹ̀. Kí wọ́n wá bá mi ṣí omi sílẹ̀ lónìí, ẹja ì báà lọ. Kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ sóko lọ́la, pàápàá ọmọ tó ń gbin ẹ̀fọ́ yẹn, torí òun ló ń tètè dé."